Onígíláàsì Tí Kì í Ráhùn

Lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó rí apá onígíláàsì àdúgbò wa tí kò béèrè ẹni tó lù ú. Ibi tí kò fi gbá nǹkan kan á ṣàdédé dúdú bí aró. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ni gbogbo èèyàn ń fura sí.

"Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti rí i tó gbé rúlà, ẹ sá o," ni kafíńtà ìtòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń wí.

Dókítà ló tú àṣírí náà. Àwọn ọmọ ogun inú ara rẹ̀ ló ń pa àwọn horo tín-ín-tìn-ìn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ó kéré tán, ó yẹ kí ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ bíńtín kan. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ló ní. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dì, tó sì ń gé gíláàsì jẹun, kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi bẹntiróòlù wẹ̀ tó wá lọ jókòó sídìí iná alágbẹ̀dẹ. Dókítà ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gíláàsì títí iye náà á fi dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ọkùnrin tó ti ṣiṣẹ́ yìí fún ọdún méjìlélógún wá jókòó sílé, ó ń to ṣíbí ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe gùn sí.

Ilé ìwòsàn náà ń dán oògùn kan wò lára àwọn àgbàlagbà tó ní irú àìsàn yìí. Inú ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi tọrẹ ni wọ́n ti yọ ọ́; wọ́n ń fi dírìpù fà á sára lóṣooṣù. Onígíláàsì fọwọ́ sí ìwé.

Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn dírìpù àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù.

"Bàbá, báwo lara?"

"A dúpẹ́."

"Ẹ̀fọ́rí ńkọ́?"

"Kò burú."

"Ṣé ẹ bì?"

"Ọlọ́run ń ṣe é."

Nọ́ọ̀sì kọ "kò sí" sí gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko ni bàbá yìí fi wé tówẹ́ẹ̀lì tútù mọ́rí. Wọ́n kọ́ ọ nílé pé a kì í fi ìráhùn dá ẹni tó kí ni lóhùn. Ó sì dá a lójú pé aláròyé ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé kúrò lára àwọn tó ń gba oògùn náà.

Nígbà tí oṣù kejì pé, iye náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ tòun ti ìwé àkọsílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ má dá a lóhùn. Ọjọ́rú, aago méjì ọ̀sán: ẹ̀fọ́rí. Aago mẹ́ta: ó ní kí n gbé aago ògiri síta, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Aago mẹ́rin: ó bì sínú ìkòkò òdòdó mi."

"Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Bàbá, ẹ̀fọ́rí yẹn gan-an la ń wá. Irọ́ tẹ́ ẹ pa fún wa, ẹni tó máa gba oògùn yìí lẹ́yìn yín lẹ pa á fún." Ó fa ìlà kan ṣoṣo la èyí tó ti kọ, ó fọwọ́ sí i, ó pe dókítà. Wọ́n ní kí ó mu omi dáadáa, wọ́n sì dín eré dírìpù kù: iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di mẹ́fà.

"Ṣé ìráhùn wá diṣẹ́ nìyẹn?" ni onígíláàsì wí. "Ẹ jókòó, nọ́ọ̀sì." Ó ro ẹjọ́ orúnkún rẹ̀, ó ro ti àga tó jókòó lé, ó wá nawọ́ sí fèrèsé. "Ẹni tó fi gíláàsì yẹn síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń sùn."

"Ìyẹn ò sí nínú fọ́ọ̀mù, Bàbá."

"Ẹ wá àyè fún un."

Ẹ̀fọ́rí kò padà wá. Lọ́jọ́ kẹwàá lẹ́yìn dírìpù yẹn, iye náà di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta. Dókítà kìlọ̀ pé ó lè wálẹ̀ nígbàkigbà, pé wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Tó bá wálẹ̀, ẹ ó gbọ́ lẹ́nu mi."

"Ẹnu tèmi ni wọ́n ti máa gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, onígíláàsì wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ó gé gíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ojú ibi tó gé wọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa òmíràn yọ.