Ewì Orí Àgékù Aṣọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí bàbá mi fi ń gé aṣọ lọ, mo rò pé bí gbogbo ilé ṣe ń rùn nìyẹn: òórùn aṣọ tuntun, òórùn òróró máṣìn, àti ti èédú tó ń jó nínú áyọ́ọ̀nù. Télọ̀ ni bàbá mi, iwájú ilé wa ní Èjìgbò ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Bí mo bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé, èmi ni mo máa ń ṣa òwú àti àgékù aṣọ nílẹ̀, èmi náà ni mo máa ń fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù títí èédú á fi pọ́n. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ṣe irú iṣẹ́ yẹn rí, ẹ mọ̀ ọ́n: eérú á bọ́ síni lójú, a ò sì gbọdọ̀ fi aṣọ oníbàárà nu ojú.

Ibẹ̀ ni ewì ti bẹ̀rẹ̀. Máṣìn bàbá mi ní ohùn tirẹ̀. Á sáré, á dúró, á tún sáré, ẹnu mi á sì máa wá ọ̀rọ̀ tó máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kan, mo mú ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sára aṣọ dúdú kan lórí tábìlì. Aṣọ oníbàárà ni. Ìyá mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó fà mí létí, ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Bàbá mi mú aṣọ náà, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó kà á tán, ó gbọn ṣọ́ọ̀kì náà nù, ó wá ju àgékù aṣọ dúdú kan sí mi.

"Èyí ni tìrẹ. Má fọwọ́ kan ti oníbàárà mọ́. Tí o bá kọ ọ́ tán, dìde kí o kà á fún mi."

Ṣọ́ọ̀kì kì í pẹ́ parẹ́ lára aṣọ, nítorí náà mo ní láti há ewì sórí kí n tó gbọn ọ́n nù kọ òmíràn. Bàbá mi á dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣìn, á tẹ́tí. Kì í yìn mí lásán. Ó lè ní, "Ìlà kejì yẹn ń tiro. Lọ wò ó." Màá lọ tún un ṣe. Lọ́jọ́ tó bá dára, á mú ọ̀kan nínú àkàrà tó ń jẹ, á nà án sí mi. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ti iṣu tí wọ́n máa ń gbé wá fún wa láti oko:

Iṣu gun alùpùpù láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn,
Kò sanwó ọkọ̀,
Kò kí bàbá, kò kí ìyá,
Ó dé ilé wa, ó bọ́ sínú ìkòkò.

Ìyá mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Àsáró ti jóná mọ́ mi lọ́wọ́ rí nítorí pé mo ń wá ọ̀rọ̀ kan. Á ní, "A kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀." Á sì gba síbí lọ́wọ́ mi.

Ọdún Iléyá kan ni Bàbá Àbíjàn wá sílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Àbíjàn ni. Òun ló kọ́ ọ níṣẹ́ télọ̀, òun náà ló ra máṣìn fún un. A fẹ́ràn rẹ̀; gbogbo ọkùnrin ló máa ń fi Faransé pè ní mùsíyé, títí kan àbúrò mi tí wọn ò tíì já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní kí bàbá mi jókòó.

"Ọmọbìnrin yìí máa bá mi lọ. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò rí ẹni bá a gbé ọmọ, kò rí ẹni bá a jókòó ti ọjà."

"Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Kí ló ń kọ́ níbẹ̀? Wọ́n ní ewì ló ń kọ sára aṣọ kiri."

Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo wà tí mo ti ń gbọ́ wọn. Mo mọ̀ pé bàbá mi kì í já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní koro. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ná." Ó pè mí, ó ní kí n ké ewì iṣu.

Mo dúró sáàárín pálọ̀, mo lanu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Iṣu ti lọ, alùpùpù ti lọ. Bàbá Àbíjàn mi orí. Omi ti lé ròrò sójú mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn kọ́tìnì: "Iṣu gun alùpùpù láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn..."

Ìyá mi ni. Ó gbé abọ́ ẹran wọlé, ó sì ké e dé ìparí láìfo ìlà kankan. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Àbíjàn. "Bàbá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún wa. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa dé."

Bàbá Àbíjàn kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó fi ẹran sílẹ̀, ó jáde. Ó pẹ́ gan-an kó tó tún yà sílé wa. Gbogbo ọjọ́ Iléyá ni bàbá mi máa ń dúró níta, tí á máa wo ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan sọ pé èmi ni mo fà á. Ìgbà tí mo ti wà ní girama ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ṣílé, kí akéwì wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bàbá mi ló rán agbádá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo kéwì tán, mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú bí ọmọdé.

Mo bi ìyá mi léèrè rí bó ṣe mọ ewì náà. Ẹ̀wà ló ń ṣà, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ọwọ́ ni mo fi ń dáná, kì í ṣe etí."

Láyé ìsinsìnyí, ìwé pọ̀, gègé pọ̀, kò sí ọmọ tó ń kọ ewì tó máa fọwọ́ gbọn ọ́n nù. Etí ló wọ́n. Lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn, àbíkẹ́yìn mi jókòó sí yàrá, ó kọ ewì, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ní pálọ̀. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo pè é, mo ní kó dúró kó kà á fún mi.

"Màámi, ṣebí ẹ ti rí i."

Mo ní, "Mo ti rí i. Mi ò tíì gbọ́ ọ."