Aago Méjì Ni Oúnjẹ Ìyálé Mi

Bí ebi bá pa mí nídìí àtẹ láàárọ̀, ìyálé mi ni mo máa ń rántí. Wọ́n máa ń bá ebi wí bí ẹni ń bá oníbàárà aláriwo wí: "Jókòó síbẹ̀, mi ò tíì pàtẹ."

Dókítà kan ní Ìdó ló sọ fún wọn pé ara wọn ti wúwo ju ohun tí orúnkún wọn lè gbé. Bí kò bá fúyẹ́, ìròyìn oko wọn ní Odò-Orò ni wọ́n á máa gbọ́, ẹsẹ̀ wọn ò ní débẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́, ní aago méjì: iyán bí ìkúùkù ọmọdé, ẹ̀fọ́ bí òkìtì, àti ẹja. Kó tó dìgbà náà, omi ni wọ́n ń mu, èmi ni wọ́n ń bú.

Ó wá di àárọ̀ tí ìyá ọkọ wa gún iṣu titun. Nílé wa, ẹni tó bá kọ̀ ọ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀. Èmi ti fọwọ́. Ìyálé mi ní ká bá àwọn fi ewé pọ́n tiwọn.

Ìyá ọkọ wa ní, "Uyán titun rèé. Ṣé o ò fẹ́ rí àmọ́dún ni?"

"Ìyá, torí àmọ́dún ni mo ṣe ń dúró."

Ìyálé mi gbé ìdì náà lé itan títí aago méjì. Ó ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ìyálé mi jẹ ẹ́ tán, wọ́n lá ọwọ́, wọ́n dìde láìdi ògiri mú mọ́.

Ìyá ọkọ wa wá ń fọwọ́ pa orúnkún tiwọn. "Dókítà rẹ yẹn, ọjọ́ wo ló máa ń wà níbi iṣẹ́?"