Ẹṣin Tó Gba Ọgbà Yèyé Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àràmọ̀kọ, tí ogun ti kó bàbá mi àti ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa lọ sí ibùdó, yèyé mi ní ọgbà kan lẹ́yìn ilé. Ẹ má rò pé ọgbà ńlá ni. Kò ju ibi tí ẹni mẹ́wàá lè tẹ́ ẹní sí lọ, ṣùgbọ́n omi balùwẹ̀ ń ṣàn gba ibẹ̀, kì í sì í gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀fínrín àti tẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọkọyòkòtò yọ òdòdó pupa bí ogbe àkùkọ, tannápọsọ́ sì máa ń là nírọ̀lẹ́ bí a bá ń gún iyán. Lọ́dọọdún ni yèyé mi ń gbọn èso wọn sínú àdó, tí yóò sì tún wọn fọ́n nígbà òjò àkọ́rọ̀. Bí inú bá ń run ẹnikẹ́ni ládùúgbò, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ń bọ̀.

Èmi ni mo ń bá a tu koríko. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ìdí tí inú fi ń bí mi títí di òní.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni olórí agbo ilé wa. Balógun kan tó ń kọjá lọ ló fún un ní ẹṣin. Ẹṣin, ní ilẹ̀ igbó. Kò mọ̀ ọ́n gùn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ará ìlú rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ọkọ́ dé ẹ̀yìnkùlé. Ó ní, "Ìhín ni mo máa kọ́ ulé ẹṣin mi sí."

Yèyé mi kúnlẹ̀. Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún lọ́hùn-ún ṣófo. Ẹ kọ́ ọ síbẹ̀. Ewé tí gbogbo wa ń lò rèé."

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ yín ni."

"Ó parí nígbà náà."

Ó sọ ọkọ́ sínú ṣọkọ. Mo dúró, mò ń wò ó bó ti ń hú ẹ̀fínrín tigbòǹgbò tigbòǹgbò, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo agbo ilé kan. N kò sọ̀rọ̀. Ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níwájú àgbà nígbà náà, mo sì ti kórìíra àṣà yẹn láti ọjọ́ náà.

Ẹṣin ọ̀hún kò lò tó oṣù méjì tí àìsàn inú igbó fi pa á.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ìgbẹ́ gbuuru kọlu ọmọbìnrin kékeré tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi bí, ọmọ tí èmi fúnra mi máa ń pọ̀n. Ìyá ọmọ sáré wá bá yèyé mi. Kò sí ewé. Gbogbo ìlú ti gbẹ. Yèyé mi gba ọ̀nà Ìlogbò, ilé bàbá rẹ̀, lọ wá a, bẹ́ẹ̀ àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà náà. Nígbà tó fi padà dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti sin ọmọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí baba náà wí. Ó dìde láàárín ẹbí, ó ní yèyé mi fi ewé pamọ́ nítorí ilẹ̀ tí òun gbà. Yèyé mi gbé ìdì ẹ̀fínrín náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, Baba." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo àgbà tó jókòó ń wolẹ̀, kò sí ẹni tó gbèjà rẹ̀.

Láti ìgbà náà kò gbin ewé kankan sílé wa mọ́. Ìlogbò ló kó èso rẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ti dá ọgbà tuntun. Lọ́dún kejì, inú run baba yẹn, ó sì rán mi, èmi ọmọbìnrin kékeré, lójú ọ̀nà ajínigbé yẹn kan náà, pé kí n lọ bá yèyé mi nídìí ọgbà rẹ̀. Yèyé mi já ewé, ó dì í. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń fún un. Ó ní, "Gbé e lọ kíá, kó tó rọ." Inú bí mi sí òun náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ra oògùn inú ìgò, ẹ sì ń ro ẹ̀fínrín dànù bí èpò kí àgbàlá lè mọ́. Ìyẹn náà ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n kò tó ti ìṣáájú. Ogun ti tán, obìnrin sì lè ní ilẹ̀ tirẹ̀. Mo yọ̀ sí i. Baba náà darúgbó kó tó kú, a pa màlúù sìn ín. Kò fìgbà kan sọ fún yèyé mi pé òun jẹ̀bi. Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo ti dákẹ́ rí, ẹ̀ẹ̀kan yẹn tó.