Àpò Ọwọ́ Òsì

Lẹ́yìn tí iná mànàmáná gbé mi níbi tí mo ti ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ìyá mi fi oko rẹ̀ sílẹ̀ ní Okpomèta. Ó gbé ọmọ odó, ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Kétu. Bí iná bá tún dì mí mú, igi yẹn ni yóò fi gbá ọwọ́ mi kúrò. Inú ń bí mi. Èmi tí mo ti bímọ, wọ́n ń fi ọmọ odó ṣọ́ mi! Àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, torí àgbàdo rẹ̀ ti gbó, ẹyẹ ń jẹ ẹ́ lóko.

“Ìyá, ẹ lọ kórè àgbàdo yín.”

“Fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, màá lọ.”

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi ju kí n fi í sílẹ̀ lọ. Mo bá tú tiransifọ́mà méjì tó jọra lára àwọn ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́, mo so wọ́n pọ̀ nínú àpótí pákó kan, kí tẹlifíṣọ̀n tí mo bá ń tún ṣe lè máa gba iná láti inú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ń sọ iná ilé di kékeré, èkejì ń gbé e padà sókè. Nínú wọn, wáyà tó ń gba iná kò fara kan èyí tó ń fi í jáde.

Mo pe ìyá mi kó wá wò ó. Mo gbá irin kan wọ ilẹ̀ tútù, mo so wáyà gílóòbù kan mọ́ ọn. Mo ki wáyà rẹ̀ kejì bọ ihò iná ara ògiri. Gílóòbù tàn wàà. Ìyá mi gbé ọmọ odó sókè. Mo yọ wáyà náà, mo fi iná sí àpótí, mo sì ki wáyà yẹn bọ ihò méjèèjì tí iná ń gbà jáde lára àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tàn rárá.

“Ẹ rí i? Iná inú àpótí kò mọ ọ̀nà ilẹ̀ mọ́. Bí mo bá ṣèèṣì fọwọ́ kan wáyà kan, kò ní gbé mi.”

“Kò lè pa ọ́ mọ́ láé?”

Irọ́ ti dé ẹnu mi. Mo wo ojú rẹ̀, mi ò lè pa á.

“Bí ọwọ́ mi méjèèjì bá kan wáyà méjèèjì pọ̀, ó lè pa mí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yẹ kí n máa fi ṣiṣẹ́.”

Ìyá mi yọ aṣọ iṣẹ́ mi lórí ìṣó, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rò pé ó lọ jù ú nù ni.

Nígbà tó dá a padà, ó ti gé lára ìró rẹ̀ tó dára jù, ó fi rán àpò ńlá kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

“Ibí ni kí ọwọ́ kejì máa wà,” ó wí. “Kí o máa rò pé èmi ni mo dì í mú.”

Ó gbé ọmọ odó rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó lọ kórè èyí tí ẹyẹ jẹ kù.