Oògùn Tó Ń Pa Ikọ́ Lẹ́nu Mọ́

Èmi ni mo gbé oògùn náà fún Rẹ̀mí. Kò jí i, kò sì tàn mí jẹ. Ìgò mẹ́fà ni láàárín oṣù mẹ́ta, èmi fúnra mi ni mo ń kó wọn lọ bá a ní pápá bọ́ọ̀lù ilé ìwé. Mo fẹ́ kí èyí ṣáájú, nítorí tí mo bá fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn, mo lè má kọ ọ́ mọ́.

Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Màkún, ní Ṣàgámù, lọ́dọ̀ Bàbá Ṣódíyà, láwọn ọdún tí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi débẹ̀, Bàbá kò bi mí bóyá mo mọ ìwé. Wọ́n gbé ìgò méjì sórí kántà, wọ́n ní kí n wò wọ́n dáadáa.

"Ìyàtọ̀ wo lo rí?"

"Kò sí, sà."

"Ó wà. Èyí ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde kí àyà lè mọ́. Ìkejì yìí kì í wo nǹkan kan. Ikọ́ ló ń pa lẹ́nu mọ́ kí èèyàn lè rí oorun sùn. Tí olè bá ń jálẹ̀kùn, tí o wá di ajá rẹ lẹ́nu, ṣé olè ti lọ nìyẹn?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. O ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún wa kò gbà wá láyè láti gún èèyàn lábẹ́rẹ́ tàbí láti ta oògùn líle. Ẹ̀fọ́rí, ibà, inú rírun, ikọ́ kékeré, ibẹ̀ ni tiwa mọ. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òfin tiwọn tí kò sí nínú ìwé kankan: ẹni tó ń wúkọ́ ni kó wá ra oògùn ikọ́ fúnra rẹ̀. A kì í tà á fún ẹni tí wọ́n rán. Bàbá á ní kí onítọ̀hún jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù, kó wúkọ́ sí àwọn létí, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á wo egungun ọrùn rẹ̀. Ẹni tó bá padà wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ikọ́ kan náà, wọn ò ní tà á fún un mọ́. Ilé ìwòsàn ìjọba ni wọ́n á lé e lọ.

Àwọn oníbàárà kò fẹ́ràn òfin yìí. Ìyá kan wá láti Ìjòkú lọ́jọ́ kan, ó ní ọkọ òun ló ń wúkọ́.

"Kó wá," ni Bàbá wí.

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ tó gbé e dé ìdí ẹmu lánàá?"

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nìyẹn, tí ẹ fi rí i."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọn ò tà á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ ìyá náà tiro wá, ó ń ráhùn, ó jókòó, ó sì wúkọ́.

Ọmọ kíláàsì mi ni Rẹ̀mí. Wíńgì òsì ló ń gbá fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Màkún. Mo ti rí àwọn tó lágbára jù ú lọ, mi ò tíì rí ẹni tó yára tó o. Tó bá ti gba bọ́ọ̀lù létí ìlà, àwọn tó ń wòran á kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Opó ni ìyá rẹ̀, ó ń bó obì fún àwọn oníṣòwò ní Sábó, ó sì máa ń sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ òun kò ní jẹ́ kó jókòó ti iṣẹ́ kankan. Bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ tí Rẹ̀mí fẹ́. Nígbà náà, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tiwọn. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á fún un níṣẹ́, wọ́n á fún un ní yàrá. Ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ pé àwọn yóò rán èèyàn wá wo ìdíje Màkún àti Ìjòkú tí òjò bá ti dáwọ́ dúró.

Inú òjò yẹn gan-an ni ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Rẹ̀mí wá bá mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Bá mi mú ìgò kan jáde. Èyí tó ń dá ikọ́ dúró."

"Bàbá ní kí onítọ̀hún wá fúnra rẹ̀."

"Kí n wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yín létí títì? Kí gbogbo Màkún máa wò mí? Kóòṣì á ti fi ẹlòmíràn rọ́pò mi kí oòrùn tó wọ̀."

"Ṣé ikọ́ lásán ni?"

"Òjò ló pa mí. Àbí o fẹ́ kí ọmọ Ìjòkú kan lọ sí Ìkẹjà dípò mi?"

Mi ò fẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo tún fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò máa sọ lọ́jọ́ iwájú pé, "Èmi àti Rẹ̀mí." Nígbà tí Bàbá béèrè ẹni tó ra ìgò náà, mo ní ìyá kan láti Ìkẹ́nnẹ́ ni, pé ó wúkọ́ lójú mi. Nígbà ìgò kejì, mo tún wá ẹlòmíràn dárúkọ. Irọ́ kẹta kò tiẹ̀ mú ọkàn mi fò mọ́.

Nígbà tó di ìgò kẹrin, mo bá a níbi tó ti ń fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ní òógùn ń rẹ aṣọ ìbora òun, ó ní ooru ni. Mo ti jókòó ti Bàbá fún ọdún mẹ́rin. Mo mọ ohun tí èèyàn tó ń rù, tó ń làágùn bẹ́ẹ̀, tó sì ń wúkọ́ lè ní. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé ìgò karùn-ún lọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, ọkùnrin Ìkẹjà náà dé, wọ́n gbé àga onírin fún un. Rẹ̀mí mu nínú ìgò kẹfà lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ó nu ẹnu, ó wọ pápá. Ó gbá góòlù kan wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi, mo sì rí i tí ọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé. Lẹ́yìn ìsinmi, bọ́ọ̀lù kan bọ́ sí i lẹ́sẹ̀ létí ìlà, ibi tó ti máa ń sáré kọjá gbogbo èèyàn. Ó dúró. Ó kàn dúró, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.

"Ẹ bá wa gbé àga fún bàbá àgbà," ni àwọn ará Ìjòkú ń wí.

Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ẹ̀jẹ̀ sì bo iwájú jẹ́sì rẹ̀.

Bàbá wà láàárín àwọn tó ń wòran. Mi ò rí wọn kí wọ́n sáré rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Wọ́n gbá a mú, wọ́n fi etí lé ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kí a lọ wá mọ́tò.

Nílé ìwòsàn ìjọba, wọ́n ní ikọ́ ife ni. Dókítà ní ì bá sàn jù báyìí lọ ká ní ó tètè wá. Bàbá yíjú sí Rẹ̀mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ta ló ń ta oògùn ikọ́ fún ọ?"

Rẹ̀mí kò wò mí. "Àwọn tó ń kiri ní ìkóríta ọ̀nà márosẹ̀ ni, sà. Àwọn tó ń tà á fún awakọ̀."

"O ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ ra oògùn lọ́wọ́ àwọn yẹn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Olóríkunkun ni ọ́," ni Bàbá wí, omi sì wà lójú wọn.

Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi, ó sì ku oṣù mẹ́jọ kí n gba òmìnira iṣẹ́. Mo sọ fún ara mi pé tó bá di ọ̀la.

Abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gún un, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ìyá rẹ̀ ya ife àti abọ́ sọ́tọ̀ fún un. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, ojú fèrèsé ni wọ́n ti kí i, wọn ò sì padà wá. Ará Ìkẹjà mú ọmọ Ìjòkú kan lọ. Kí oògùn náà tó tán, ikọ́ náà ti lọ, ṣùgbọ́n dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró òsì ti bàjẹ́, kò gbọdọ̀ sáré mọ́.

"Eré kékeré ńkọ́, sà?" ni Rẹ̀mí béèrè.

"Rárá."

"Kí n máa ṣọ́ ilé bíi góólì ńkọ́? Góólì kì í sáré."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ní Sábó, ó ń bó obì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ á ní, "Ọkọ wa, ọwọ́ rẹ yá bí ẹsẹ̀ rẹ," lẹ́yìn náà wọ́n á rántí, wọ́n á sì yíjú sí obì ọwọ́ wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, tí kò bá sí ẹnikẹ́ni ní pápá, ó máa ń rin ẹ̀gbẹ́ ìlà òsì láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Mo tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Ní agbede méjì, ó dúró kó lè mí.

"O mọ̀ pé kí o tó ṣẹ́jú, mo ti kọjá ibí."

"Mo mọ̀. Rẹ̀mí, ọ̀rọ̀ àwọn ìgò yẹn..."

"Ṣé o ti sọ fún Bàbá?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń sọ ọ́ fún mi sí? Èmi ṣáà wà níbẹ̀."

Ó tún rìn lọ.

Lọ́jọ́ òmìnira mi, nígbà tí oògùn oníhóró Rẹ̀mí kò tíì tán, wọ́n pe àwọn ẹbí àti àwọn oníbàárà jọ. Mo dọ̀bálẹ̀, Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n ní ọdún márùn-ún ni mo lò lọ́dọ̀ àwọn, pé mi ò tàpá sí òfin àwọn rí lọ́jọ́ kan, pé kí Ọlọ́run fi ọmọ iṣẹ́ olóòótọ́ bí èmi jíǹkí èmi náà. Àmín tí Rẹ̀mí ṣe ló ròkè jù. Ó gùn débi pé èémí rẹ̀ já, ìyá rẹ̀ ní láti fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ojú mi wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lè sọ ọ́. Mo ṣe àmín bíi ti àwọn yòókù.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìkẹ́nnẹ́ báyìí. Àwọn oníbàárà ní mo le ju Bàbá lọ. Wọ́n ní ìgbà wo ni ikọ́ di ẹjọ́. Bàbá ti gba ọmọ iṣẹ́ tuntun méjì. Ìtàn Rẹ̀mí ni wọ́n fi ń kọ́ wọn: ọmọkùnrin kan tó yára bí ìjì, tó fi agídí kọjá ṣọ́ọ̀bù gidi lọ ra ìparun lẹ́bàá ọ̀nà. Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ ń kọjá lọ lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, mo wà níbẹ̀. Ó kí Bàbá pé ẹ kú iṣẹ́, ó gbé agbọ̀n obì rẹ̀ lọ.

Ohun tí mo jẹ Rẹ̀mí kò ju gbólóhùn kan lọ: kí n dúró níwájú Bàbá lójú rẹ̀, kí n sọ pé èmi ni. Bàbá ti ń darúgbó. Mọ́tò tó ń lọ sí Ṣàgámù máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi láàárọ̀, láti ibẹ̀ dé Màkún kò sì jìnnà. Mi ò tíì wọ̀ ọ́.