Ibi Tí A Ti Kọ́ Ẹ̀bẹ̀

Ẹ bá mi kí èémí bàbá mi. Èémí kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ gbólóhùn tó gùn ju ọ̀nà Bantè sí Savalou lọ, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní àgbàlá bàbá onílẹ̀ wa ní Pira. Èdè Faransé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀bi ẹ̀fúùfù ni wọ́n fi parí rẹ̀, kò sì síbi tí wọ́n ti sọ pé àwọn jẹ̀bi.

Ìgbà ìjọba Faransé ni. Tíṣà ni bàbá mi. Iná tí bàbá mi fi sun oko wa ló fo ààlà, tó jó gbogbo iṣu èèbù tí bàbá onílẹ̀ kó pamọ́ fún gbígbìn. Ilẹ̀ bàbá náà la sì ń ro. Bí wọ́n bá ní ká kúrò, ebi dé.

Bàbá onílẹ̀ ò gbójú kúrò lára okùn tí wọ́n ń lọ́. Òórùn iṣu tó jóná gba àgbàlá, ó ń ta sánsán bí oúnjẹ, ojú sì ń tì mí pé itọ́ ń dà lẹ́nu mi.

“Tíṣà,” bàbá onílẹ̀ ní, “ẹ̀fúùfù yẹn, òun náà ló ra ìṣáná?”

Bàbá mi tún fẹ́ fa èémí láti sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí wọn, fọwọ́ kàn wọ́n lápá. Ìyá àgbà tú gèlè, wọ́n kúnlẹ̀ sórí erùpẹ̀, orúnkún wọn dún bí igi gbígbẹ. Láti ìgbà tí bàbá onílẹ̀ ti ń rá kòrò ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

“Bàbá mi, a jẹ̀bi yín. Iná wa ló jó o. Mo bẹ̀ yín.”

Wọn ò fi nǹkan kan kún un, wọn ò sì dìde. Adìẹ kan wá ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́bàá ọwọ́ wọn. Níkẹyìn, bàbá onílẹ̀ gbé okùn sílẹ̀, wọ́n fa ìyá àgbà dìde, wọ́n ní ká máa ro ilẹ̀ náà lọ.

Lójú ọ̀nà, mo bi ìyá àgbà léèrè bóyá ẹ̀bẹ̀ yìí náà ni èyí tí wọ́n máa ń bẹ Ọlọ́run nídìí ààrò láràárọ̀. Àdúrà ni wọ́n ń pè é ní ilé-ìwé wa.

Ìyá àgbà ní ọ̀rọ̀ náà, àdúrà, bá àlejò wá, kò sì burú. “Ẹ̀bẹ̀ ní tirẹ̀, ọmọ ilé ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tí a ṣẹ̀ la ti kọ́ ọ, ká tó gbé e lọ bá Ọlọ́run.”

Mo kàwé púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ìlú tó jìn sílé. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣèlérí fún ìyá àgbà pé mò ń bọ̀ wá kí wọn, tí mi ò dé. Lẹ́tà ni mo kọ, ojú ìwé mẹ́rin, ní Faransé. Bàbá mi túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n wá béèrè ibi tí mo ti bẹ̀ wọ́n.

Kò sí níbẹ̀. Òjò ni mo dá lẹ́bi, pé ó ba ọ̀nà jẹ́.