Gírámà Di Olówó Adágún

Àwọn tó ṣe títì gbẹ́ kòtò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wá yẹ̀pẹ̀, wọn ò sì rántí dí i. Òjò rọ̀ sí i, omi dúró síbẹ̀, kọ̀ǹkọ̀ kó wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò wọ́n, ibẹ̀ sì ni Gírámà kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí.

Gírámà kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àdúgbò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ata bá ta á lẹ́nu, á kọ́kọ́ wá Gẹ̀ẹ́sì tó gùn fún un kó tó béèrè omi.

Hòtẹ́ẹ̀lì ò lérò. Ẹ̀fọn nìkan ló ń sùn níbẹ̀, wọn ò sì sanwó. Lọ́jọ́ kan tí Gírámà jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè níbi tábìlì ìgbàlejò, ojú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: TARN. Ìwé náà ní adágún omi kékeré tó wà láàárín òkè ni, àti pé ọ̀rọ̀ náà ò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn òyìnbó fúnra wọn. Orí rẹ̀ wú.

"Ìyá wọn! Sáré wá!"

Ìyàwó rẹ̀ yọjú pẹ̀lú aṣọ ibùsùn lọ́wọ́. "Ṣé àlejò dé ni?"

"Ó ju àlejò lọ! Kòtò wa kì í ṣe kòtò mọ́. TARN ni."

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Obìnrin náà wo ìta lójú fèrèsé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹẹrẹ bí àtẹ́lẹwọ́.

"Bàbá wọn, òkè dà?"

"Ìyẹn ò le," ni Gírámà wí.

Ó háyà ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ jọ sí etí omi títí ó fi ga ju òrùlé lọ. Gírámà gùn ún, ó fọwọ́ kọ́ ìbàdí, ó ń wo omi ìsàlẹ̀ bíi pé òun ló dá a. Lẹ́yìn náà ló ri pátákó gàgàrà mọ́ etí títì, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́: TARN HOTEL.

Àwọn awakọ̀ àjàgbé kì í rí ibi yí orí ọkọ̀ padà lójú títì yẹn. Èyí tó kọ́kọ́ rí pátákó náà rò pé TURN ni wọ́n fẹ́ kọ, pé ẹni rere kan ló pèsè ibi tí èèyàn ti lè yí padà. Ó yà wọlé, ó pòòyì lágbàlá, ó wó ìkòkò òdòdó méjì, ó sì fọn fèrè ìdúpẹ́.

Gírámà sáré tẹ̀lé e. "Adágún ni! Adágún tó wà láàárín òkè!"

Awakọ̀ yọ orí síta. "Ẹ ṣé gan-an ni, Bàbá! Ẹ ṣáà bá wa tún sípẹ́lì yẹn ṣe."

Ká tó wí ká tó fọ̀, àjàgbé ti ń tò wọlé. Gírámà dúró lẹ́nu géètì, ó ń ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Bó ṣe ń ṣàlàyé tó ni wọ́n ń kí i ní pẹ̀lẹ́ tó.

Òjò ńlá kan ló wá parí ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ́ gbogbo yẹ̀pẹ̀ náà sínú omi. Nígbà tó dá, òkè ò sí, adágún ò sí, àwọn kọ̀ǹkọ̀ tí ilé wọn ti bàjẹ́ sì kó wá sábẹ́ tábìlì ìgbàlejò. Gírámà dúró nínú ẹrẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kankan ò jáde. Ó wọ yàrá lọ, ó fi aṣọ bo orí.

Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Nígbà tí ẹrẹ̀ gbẹ, ó rí i pé yẹ̀pẹ̀ ti dí kòtò náà, àgbàlá sì ti fẹ̀ sí i, àjàgbé méjì lè yí padà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó to bẹ́ǹṣì síta, ó gbé omi tíì kaná. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, lẹ́yìn náà wọ́n ń béèrè yàrá. Hòtẹ́ẹ̀lì kún.

Gírámà ní Gẹ̀ẹ́sì òun ló kó èrò wá. Kò sì parọ́, àfi pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà kọ́ ló kọ. Títí dòní, kò sí àlejò tó ń dé ibi tábìlì rẹ̀ tí kì í túmọ̀ TARN fún.

"Bàbá, a ti gbọ́," ni wọ́n máa ń wí. "Oorun ń kùn wá. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́."